Lúùpà Tàbí Tíráàkì? Ìtọ́sọ́nà fún Olórin Tó Ń Dá Lọ Òde

Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí ẹnìkan má bi mí léèrè: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń dá lọ òde báyìí, ṣé lúùpà ni kí n rà, àbí kí n kàn máa kọrin sórí tíráàkì?" Ó ti pọ̀ débi pé ó yá kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

Ìbéèrè ni èmi náà máa ń fi dá wọn lóhùn: ta ló ń pinnu ìgbà tí orin yín máa parí? Bó bá jẹ́ aago ni, bíi orin àkànṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìgbà tí ìyàwó ń wọlé, ẹ lo tíráàkì. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń jó ni, tí onínàáwó lè bọ́ sójú agbo nígbàkigbà kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lówó, ẹ lo lúùpà. Ohun tó kù ni bí ẹ ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dójú tì yín.

## Ohun méjì tí à ń sọ

Lúùpà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tàbí kọ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, tó sì ń tún un sọ léraléra kí ẹ lè máa kó òmíràn lé e lórí. Ohun tó ń yí po nínú rẹ̀ yẹn là ń pè ní lúùpù. Pẹ́dálì tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Tíráàkì ni orin tí a ti ṣe sílẹ̀ nílé láìsí ohùn ẹni tó ń lé orin nínú rẹ̀, tí a wá ń tàn lórí ìtàgé. Àwọn kan ń pè é ní instrumental.

## Kí ẹ tó gba owó àsansílẹ̀

Ẹ béèrè àwọn nǹkan yìí lọ́wọ́ ẹni tó pè yín. Ẹni tí kò bá béèrè ló ń gbé ẹ̀rọ tí kò wúlò lọ òde.

1. Irú ìnáwó wo ni, ta sì ni yóò jó?
2. Ìṣẹ́jú mélòó ni tiyín? Ṣé wọ́n á dá yín dúró tó bá ti pé, àbí ẹ lè máa bá a lọ?
3. Ta ló ni sípíkà àti mísà? Ṣé ẹnìkan máa dúró tì í?
4. Iná wo la máa lò, jẹnẹrétọ̀ ta sì ni?
5. Ṣé orin pàtó kan wà tí wọ́n fẹ́ gbọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwo?

Bí ìdáhùn bá ti wọlé, bí mo ṣe máa ń pín in rèé:

- Ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orin àkànṣe, ètò tẹlifíṣọ̀n: tíráàkì. Wọn kò ní sùúrù fún ẹni tó ń to orin jọ díẹ̀díẹ̀.
- Ọjọ́ ìbí, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde: lúùpà.
- Hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ, wákàtí méjì sí mẹ́ta: méjèèjì. Kò sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dálì fún wákàtí mẹ́ta kó má rẹ̀ ẹ́, kò sì sí oníbàárà tó fẹ́ gbọ́ tíráàkì ogún léraléra bí ìgbà tí wọ́n tan rédíò.
- Ibi tí ẹ kò mọ ẹni tó ni sípíkà: ẹ mú èyí tí wáyà rẹ̀ kéré jù lọ.

## Lúùpà: kí ni kí ẹ kó sínú rẹ̀?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù, nítorí ẹni tó ra pẹ́dálì kì í ṣe aláìmọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ló ń bà wọ́n jẹ́.

Ẹ wo ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀: òun ló ń kí ènìyàn, òun ló ń pe oríkì, òun ló ń yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹni tó dé bá ṣe jẹ́. Gúdúgúdú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ń lù, orí rẹ̀ sì ni àwọn yòókù ń gùn lé. Iṣẹ́ gúdúgúdú ni kí ẹ gbé fún lúùpà. Iṣẹ́ ìyáàlù, ọwọ́ àti ẹnu yín ni kó ti máa jáde.

Ojú mi rí i kí n tó mọ̀ ọ́n. Níbi ìsìnkú ìyá àgbà kan, mo fi gángan pe oríkì àkọ́bí olóògbé sínú lúùpà. Ó dùn, bàbá náà jó, wọ́n ná an lówó dáadáa. Ìgbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bọ́ sójú agbo, gángan ṣì ń pe ẹ̀gbọ́n. Obìnrin náà dúró, ó wo gángan tó wà lábẹ́ apá mi tí n kò lù, ó ní, "Ṣé ìlù yín ò rí mi ni?" Mo fẹ́ pa á, ẹsẹ̀ mi ṣi pẹ́dálì tẹ̀, "ẹ má bínú, mọ̀mí" tí mo sọ bá wọ inú lúùpù. Ó sọ ọ́ nígbà mẹ́ta kí n tó rí i pa.

Nítorí náà, ohun tó lè wọ lúùpà:

- agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìka tí ẹ fi ń kan ara gìtá
- okùn ìsàlẹ̀ gìtá tí ẹ ń fi àtàǹpàkò ta bíi bass
- gbólóhùn gìtá kúkúrú, irú èyí tí gìtá kejì àti ìkẹta máa ń tẹnu mọ́ nínú orin jùjú
- ègbè

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́: orúkọ ènìyàn, oríkì, ìlù tó ń sọ̀rọ̀, àti lílé.

Ọ̀rọ̀ ègbè gba ìṣọ́ra. Bí ẹ bá ń fi ohùn kejì kún ti àkọ́kọ́, kí ó máa gòkè kó sì máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tí ohùn kejì bá wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, "ìlú" lè di "ìlù" lẹ́nu yín, lúùpù á sì tún àṣìṣe náà sọ nígbà ogójì kí orin tó parí.

Orin náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú èyí tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń yí po: G, C, D, G, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìyìn àti orin àríyá wa rí bẹ́ẹ̀. Bí orin bá ní apá kan tó ṣí kúrò lórí àwọn kọ́ọ̀dù yẹn lọ síbòmíràn kó tó padà, pẹ́dálì tó ní ìtẹ̀ kan ṣoṣo kò lè bá yín lọ. Ẹ fi orin yẹn sí tíráàkì, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ní ju ìlà kan lọ, ìyẹn àyè tó lè gba lúùpù tirẹ̀ lọ́tọ̀: Boss RC-500 ní méjì, RC-505, èyí tí à ń gbé sórí tábìlì fọwọ́ tẹ̀, ní márùn-ún.

## Ìgbésẹ̀ lúùpà, láti orí ìtẹ̀ àkọ́kọ́

1. Ẹ mú ìyára kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn. Ẹ ka "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin" nínú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹsẹ̀ yín máa bá a lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kí ara tó wọ̀ ọ́ máa ń sáré ní bar kejì (ìkà mẹ́rin yẹn, láti "ení" dé "ẹ̀rin", ni bar kan).

2. Ẹ tẹ pẹ́dálì lórí "ení", kí ẹ sì ta á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó máa wá ibi tí ọwọ́ máa bọ́ sí.

3. Ẹ tì í lórí "ení" tó tẹ̀ lé e. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tó ta bar méjì á rò pé "ẹ̀rin" tó kẹ́yìn ni òpin, á tẹ pẹ́dálì síbẹ̀, bíìtì kan á sì sọnù. Gbogbo ìgbà tí lúùpù bá yí débẹ̀, á máa tiro. Bar méjì kò tíì pé àfi ìgbà tí "ení" ti bar kẹta bá dún. Ẹ má gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ta á kọjá ibẹ̀, kí ìparí lè so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fi nǹkan kún un. Bí kò bá dáa, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Àṣìṣe tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Bí ẹ ṣe ń kó nǹkan lé e ló ń hàn sí i.

5. Ẹ kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Okùn ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkànlù, lẹ́yìn náà gbólóhùn gìtá lókè ọrùn, ègbè kẹ́yìn. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan rẹlẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ díẹ̀. Mẹ́rin ti tó. Ìkarùn-ún ló máa ń sọ orin di ọbẹ̀ tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

6. Ẹ má jẹ́ kí agbo dákẹ́ bí ẹ ti ń kọ́ ọ. Ní ìyára 100 BPM (bíìtì ọgọ́rùn-ún nínú ìṣẹ́jú kan), bíìtì kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.6, bar mẹ́rin sì jẹ́ 9.6. Ẹ kó ìpele mẹ́rin jọ, ó ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 38 tí ẹ kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan. Níbi àríyá, ó gùn gan-an. Bí orin bá gbà á, ẹ fi bar méjì ṣe é kó dín sí ìdajì, tàbí kí ẹ máa kí ènìyàn lórí ìpele kìíní àti ìkejì. Ẹ kàn rántí pé máìkì kò gbọ́dọ̀ ṣí sínú lúùpà ní àsìkò yẹn.

7. Ẹ jáde kúrò nínú àfikún, ìyẹn ipò tí lúùpà ti ń gba ohun tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, kíákíá. Bí ẹ bá ti parí ìpele kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí eré lásán. Bí ẹ bá gbàgbé, gbogbo ohun tó bá ń lọ ló ń wọlé. Mo wà níbi ọjọ́ ìbí kan tí MC ti ń ké sí ẹni tó ni Corolla aláwọ̀ eérú kó wá gbé e kúrò lẹ́nu géètì. Ó wọ inú lúùpù olórin náà, ó sì bá ìlù mu. Àwọn ọ̀dọ́ jó o.

8. Ẹ mọ bí ẹ ṣe máa parí. Lórí ọ̀pọ̀ pẹ́dálì onítẹ̀ kan, ìtẹ̀ méjì tó yára tẹ̀ lé ara wọn ló ń dá a dúró. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ nínú méjèèjì lè ṣí àfikún fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fọwọ́ pa okùn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan lórí rírà: lẹ́yìn ìtẹ̀ kejì, àwọn pẹ́dálì kan máa ń ṣeré lásán, àwọn mìíràn á bọ́ tààrà sí àfikún. Ẹ wo èyí tí tiyín ń ṣe nílé. Ẹ má sì sanwó nítorí pé ẹ̀rọ kan lè gba ohùn fún ìgbà pípẹ́. Ditto ti TC Electronic ń gba ìṣẹ́jú 5, Boss RC-1 ń gba 12, bẹ́ẹ̀ lúùpù tiwa kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ohun tó tọ́ kí ẹ sanwó fún ni bí ẹ ṣe lè yọ ìpele tó kẹ́yìn kúrò láìdá orin dúró, àti bọ́tìnnì ìdádúró tó dá wà.

Ẹni tó bá rí Ed Sheeran ní pápá Wembley lóṣù keje ọdún 2015, níbi tó ti fi gìtá àti pẹ́dálì lúùpù ṣeré fún alẹ́ mẹ́ta, á rò pé eré ọmọdé ni. Ẹ rántí pé òun ní òṣìṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú ohùn. Ẹ̀yin, bóyá ọmọ tó ń bá yín ká wáyà lẹ ní.

### Bí ẹ bá fẹ́ kí ègbè wọ pẹ́dálì gìtá

Ọ̀pọ̀ pẹ́dálì gìtá kò ní ojú ihò máìkì. Ẹ má wá wáyà tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Mísà ni kí ẹ lò:

1. Ẹ ki máìkì àti gìtá bọ channel tiwọn lórí mísà.
2. Ẹ fa wáyà láti ẹnu AUX mísà (ojú ìjáde tó ń gbé ohùn lọ sí ẹ̀rọ mìíràn) lọ sí ojú ìwọlé pẹ́dálì.
3. Ẹ fa òmíràn láti ojú ìjáde pẹ́dálì padà sí channel tó ṣófo.
4. Lórí channel tí pẹ́dálì padà sí yìí, ẹ yí bọ́tìnnì AUX sí òdo. Bí ẹ bá gbàgbé, ohùn á máa jáde kó tún máa wọlé, sípíkà á sì hu débi tí àwọn ènìyàn á fi di etí.
5. Ẹ ṣí AUX máìkì nìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba ègbè, ẹ tì í lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí sípíkà kọjú sí máìkì. Bí lúùpù bá ń ti inú sípíkà wọ máìkì padà, ìpele àkọ́kọ́ á máa nípọn sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fi nǹkan kún un. Máìkì tí a ń fọwọ́ mú lásán, tí kì í gbọ́ ohun tó jìnnà, ló dáa. Kí ẹnu yín súnmọ́ ọn tó ìka mẹ́ta.

## Tíráàkì: iṣẹ́ rẹ̀ nílé ló wà

### Ṣíṣètò rẹ̀

1. Ẹ wá kíì tiyín. Kì í ṣe kíì ẹni tó ni orin. Ẹ dúró, ẹ kọ ọ́ lálẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi tí ohùn bá gbé e dé nígbà náà ni kíì yín.
2. Ẹ pín òsì àti ọ̀tún. Ẹ fi orin sí apá ọ̀tún nìkan, kí ẹ fi click, ìyẹn kì-kì-kì tó ń ka ìyára orin, sí apá òsì. Ọ̀tún á lọ sí sípíkà, òsì á wá sínú íápíìsì yín. Ẹ fi bar méjì click sílẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè wọlé bí ẹni tó mọ̀.
3. Ẹ ṣe méjì nínú orin kọ̀ọ̀kan, kúkúrú àti gígùn. Tèmi máa ń jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́fà.
4. Ẹ gé ibi tí orin ti ń yí po sọ́tọ̀, kí ẹ lè jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe bí onínàáwó bá ṣì ń jó. Ẹ fi í pamọ́ ní WAV, 44.1 kHz, 16-bit. MP3 máa ń ní ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Bó bá ń yí, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti ń fò.
5. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ké dọ́gba. Ẹ tàn wọ́n tẹ̀ lé ara wọn láìfọwọ́ kan ohùn. Èyí tó bá mú yín fò, ẹ dín in kù.
6. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà: 01, 02, 03, bí ẹ ṣe máa kọ ọ́.

Ṣé kí ègbè wà nínú tíráàkì? Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ bí ohùn lílé yín bá wà nínú rẹ̀ tí ẹ wá ń mi ètè, kì í ṣe òde lẹ lọ mọ́. Ọjọ́ tí fóònù bá dúró lójijì tí ètè yín ṣì ń lọ, fídíò rẹ̀ á kárí ìlú.

Ẹ má fi orin orí YouTube ṣeré láé. Ìpolówó lè jáde láàárín orin, íńtánẹ́ẹ̀tì lè lọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í fẹ̀ nínú sípíkà ńlá.

### Lórí ìtàgé

1. Ẹ fi fóònù sí airplane mode, kí ẹ sì pa álààmù. Airplane mode kì í dá álààmù dúró.
2. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń "mú ohùn dùn" nínú fóònù.
3. Wáyà tí ẹ máa lò ni oníjáàkì kékeré lápá kan, tó pín sí jáàkì ńlá méjì lápá kejì. Ẹ we téépù pupa mọ́ ti ọ̀tún, dúdú mọ́ ti òsì. Pupa lọ sí DI box (àpótí kékeré tó ń so ohun èlò mọ́ mísà) tàbí mísà fúnra rẹ̀, dúdú lọ sí headphone amp kékeré tí íápíìsì yín wà nínú rẹ̀.
4. Ẹ tan orin kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ rìn lọ síwájú láti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbọ́ kì-kì-kì nínú sípíkà, ẹ ti fi dúdú ṣe pupa.

Àṣìṣe kan wà tí mo ti bá ju ẹni mẹ́wàá tún ṣe, èyí tó máa ń bá ẹni tí kò pín òsì àti ọ̀tún. Á fi wáyà ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ ní ìlà dúdú méjì lápá méjèèjì so fóònù mọ́ ojú ihò kan lórí mísà. Orin á jáde, àmọ́ bass àti ìlù ńlá á ti pòórá, á kù sí ṣínṣín. Kì í ṣe sípíkà ló bàjẹ́. Irú ihò yẹn máa ń yọ ohun tó wà lápá kan kúrò nínú ohun tó wà lápá kejì, ohunkóhun tó bá sì dọ́gba lápá méjèèjì, ìyẹn àárín gbùngbùn orin, á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ lo wáyà tó pín sí méjì, wàhálà parí.

Bluetooth ńkọ́? Rárá. Ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde, ó sì máa ń já bí ènìyàn bá pọ̀ láàárín ẹ̀yin àti sípíkà.

## Ọ̀rọ̀ iná

Fóònù ní bátìrì tirẹ̀. Pẹ́dálì kò ní, tàbí kó ní èyí tí kì í pẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀, pẹ́dálì á kú, á tún jí, ohun tí ẹ kò tíì fi pamọ́ sì lè ti lọ.

- Ẹ wo ara pẹ́dálì. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ 9V, àárín rẹ̀ sì ni negative. Adaptor tó yí i padà lè pa á.
- Ẹ wo iye mA (ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ ń fà) tó ń béèrè. Bí adaptor kò bá tó o, pẹ́dálì á máa tan, á máa kú, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́.
- Páwà báǹkì pẹ̀lú wáyà tó ń gbé iná lọ sí 9V dára púpọ̀, kì í sì í mú híhùn jẹnẹrétọ̀ wá. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò fún wákàtí kan nílé, torí àwọn páwà báǹkì kan máa ń pa ara wọn bí iná tí à ń fà bá kéré.
- Bí laptop bá ń hùn nínú sípíkà, ẹ yọ ṣájà rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ṣájà ni. Ẹ lo bátìrì, tàbí DI box tó ní bọ́tìnnì ground lift.

## Bí ẹ bá fẹ́ pa méjèèjì pọ̀

Ìrònú tó máa ń wá sọ́kàn ni pé kí tíráàkì máa lu ìlù, kí lúùpà máa gbé gìtá àti ègbè. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá fi ìdá ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ti lúùpù, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn ìyípo mẹ́wàá, ó ti di igba nínú ẹgbẹ̀rún. Ní 100 BPM, ìdá kan nínú mẹ́ta bíìtì nìyẹn. Ìlù wà ní Ìbàdàn, gìtá ti dé Ọ̀yọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

- Ẹ lo ìlù inú lúùpà fúnra rẹ̀. Boss RC-5 ní tirẹ̀ nínú, lúùpù á sì máa tẹ̀ lé e.
- Ẹ lo laptop, kí Ableton Live (áàpù tí a fi ń ṣe orin) tàbí irú rẹ̀ máa fi MIDI clock, ìyẹn àmì ìyára tí ẹ̀rọ kan ń fi ránṣẹ́ sí òmíràn, darí lúùpà tó bá gbà á.
- Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ẹ fi tíráàkì ṣí eré, ẹ kọ orin mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n mọ̀. Bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápò, ẹ jẹ́ kí tíráàkì parí, ẹ mú gìtá, kí ẹ kọ́ lúùpù tuntun ní kíì kan náà.

Èyí tó kẹ́yìn ni èmi ń lò. Kò náni ní owó kankan.

## Bí owó bá tó fún ọ̀kan péré

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tíráàkì. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Wáyà tó pín sí méjì, DI box àti headphone amp kékeré lẹ máa rà. Ẹ máa fi áàpù lúùpù orí fóònù kọ́ ẹsẹ̀ àti etí nílé, kí ẹ tó ra pẹ́dálì. Ẹni tó bá lè fi pàtẹ́wọ́ àti ẹnu ti bar méjì lórí "ení" nígbà mẹ́wàá láìṣì í, òun ni pẹ́dálì yẹ. Ẹni tí kò bá lè ṣe é nílé kò ní rí i ṣe níbi tí ìyá àgbà ti ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí.

## Àyẹ̀wò alẹ́ tó ṣáájú òde

- Fóònù méjì, orin kan náà nínú méjèèjì, bátìrì kún
- Wáyà tó pín sí méjì: ẹyọ méjì
- Adaptor pẹ́dálì, àti páwà báǹkì tí ẹ ti dán wò
- Lúùpà ti ṣófo, kò sí ohun àná nínú rẹ̀
- Ìwé pélébé: nọ́ńbà orin, kíì, ìyára
- Orúkọ onínàáwó àti ti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, tí ẹ ti béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é
- Agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gidi kan nínú àpò

## Bí ó bá kọ̀ lójú agbo

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún un ṣe. Bí tíráàkì bá dúró, ẹ máa bá orin lọ pẹ̀lú ẹnu, kí ẹ fi ọwọ́ kan tan fóònù kejì fún orin tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ má gbìyànjú láti bá èyí tó dúró pàdé láàárín. Bí lúùpù bá ń tiro, ẹ pa á nígbà tí ègbè bá fẹ́ wọlé, kí ó dà bí ẹni pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ẹ sì kọ́ òmíràn. Bí iná bá lọ pátápátá, ẹ mú agogo inú àpò yẹn, ẹ súnmọ́ àwọn tó jókòó níwájú, ẹ lé orin tí gbogbo ilé mọ ègbè rẹ̀. Wọ́n á gbè é títí jẹnẹrétọ̀ á fi dún.